Àrùn Tí Mo Yọ Kúrò Nínú Ìwé Jóṣúà

Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ló ní kí n wá sọ nípa iṣẹ́ tí mo fi ayé mi ṣe, kí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde girama lè mọ ohun tí wọn óò yàn. Mo ní kí wọ́n lọ bi káfíńtà. Bí àga tí káfíńtà kàn bá ya, ẹni tó jókòó lé e á ṣubú, á dìde, á bú káfíńtà, ọ̀rọ̀ á sì tán. Iṣẹ́ tèmi kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ kí n sinmi, nítorí náà mo gbà láti kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá ń wá ìtàn tó máa múnú rẹ̀ dùn, kó yáa lọ gbádùn oorun rẹ̀.

Akọ̀wé àdéhùn ni mí. Ẹ̀gbẹ́ kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ ní Òkìtìpupa ni mo ti ṣe é, lábẹ́ páànù kan tí òjò máa ń bá wa pín. Ẹni tó bá fẹ́ yá ilé, ẹni tó fẹ́ gba oko ọ̀pẹ ṣe fún ọdún mélòó kan, ẹni tó fẹ́ fi ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ háyà, ọ̀dọ̀ irú wa ni wọ́n ń wá. Lọ́yà wà o, ṣùgbọ́n lọ́yà jìnnà. Àwa la wà nítòsí, àwa ni tálákà mọ̀.

Bí mo ṣe dé ẹnu iṣẹ́ náà kò gùn. Mo jáde ìwé mẹ́fà, òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà, bàbá mi kò rí owó girama, ó mú mi lọ bá Ọ̀gá Akíntìmẹ́hìn, wọ́n sọ ọdún tí n óò lò, mo dọ̀bálẹ̀, ó parí. Ẹ má bi mí nípa owó oṣù. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ kì í gbowó oṣù, ìyà ló ń gbà.

Ọ̀gá Akíntìmẹ́hìn gbẹ bí igi ìdáná. Okùn ló fi so ìgò ojú rẹ̀ mọ́ etí. Ó ti ṣe akọ̀wé kọ́ọ̀tù rí kó tó dá dúró, gbogbo ẹjọ́ tí wọ́n dá níṣojú rẹ̀ ló sì wà lórí rẹ̀. Ọdún kan gbáko, orúkọ àti ọjọ́ nìkan ló jẹ́ kí n máa kọ. Bí tàdáwà bá kán sórí ìwé, bó ti wù kó kéré tó, màá tún gbogbo rẹ̀ kọ láti òkè. Rúlà rẹ̀ mọ oríkèé ìka mi ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Tí mo bá ń sunkún, á ní, "Sunkún rẹ, ṣùgbọ́n má jẹ́ kó kán sórí ìwé oníwèé."

Ọ̀nà iṣẹ́ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti gbogbo akọ̀wé tó kù lágbègbè wa. Àwọn yòókù á bẹ̀rẹ̀ láti òkè: èmi lágbájá fi oko mi fún tàmẹ̀dò. Ọ̀gá mi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìsàlẹ̀ ìwé ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Bí àdéhùn yẹn yóò ṣe parí ni yóò kọ́kọ́ kọ, ẹ̀yìn ìgbà náà ni yóò tó wá kọ bí yóò ṣe bẹ̀rẹ̀. Àwọn oníbàárà á máa rẹ́rìn-ín sí i. Òun á ní, "Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ wọlé yìí, ẹ jẹ́ kí n fi ilẹ̀kùn tí ẹ óò gbà jáde hàn yín ná."

Ọ̀rọ̀ kan sì wà tí kì í fò nínú ìwé kankan. Mo mọ̀ ọ́n sórí títí di òní: "Bí ogun, tàbí iná, tàbí àkúnya omi, tàbí àrùn tó ń ràn bá dé, tí ẹni tó gba nǹkan kò sì lè lò ó mọ́, ó lè dá a padà láìjẹ̀bi." Ọ̀gá mi kò fi ti ẹnì kankan ṣe nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ nínú ìwé rẹ̀, kó lọ bá akọ̀wé mìíràn. Mo rí i tó dá àwọn ènìyàn padà pẹ̀lú owó lọ́wọ́ wọn, nígbà tí àwa méjèèjì kò tí ì fẹnu kan nǹkan láti àárọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fi le tó bẹ́ẹ̀, torí ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ iṣẹ́ wa wà. Ọdún kan wà tí ilẹ̀ gbóná. Ẹ̀yin ọmọ òde òní lè pe orúkọ àrùn yẹn, àwa ò pè é. Àwọn wolé-wolé wá, wọ́n ti ọjà ìlú kan pa. Nígbà tí ara tu gbogbo wa díẹ̀, ẹjọ́ méjì dé kọ́ọ̀tù lọ́jọ́ kan náà, Ọ̀gá mi sì ní kí n lọ jókòó síbẹ̀, kí n gbọ́, kí n wá rò ó fún òun.

Èkíní ni ti télọ̀ kan tó yá ṣọ́ọ̀bù nínú ọjà yẹn. Nígbà tí wọ́n ti ọjà, ó dá kọ́kọ́rọ́ padà. Onílé ní ọdún kò tíì pé. Ìwé tí akọ̀wé mìíràn kọ fún wọn kò sọ nǹkan kan nípa àrùn. Alága kọ́ọ̀tù bi onílé pé, "Kí lo yá a?" Ó ní, "Ṣọ́ọ̀bù inú ọjà." Alága ní, "Ìjọba ti ti ọjà pa. Ṣọ́ọ̀bù inú ọjà wo ló wá kù tó lè lò?" Ó tú télọ̀ sílẹ̀. Èkejì ni ti ọkùnrin kan tó háyà ọkọ̀ ojú omi. Òun náà ní àrùn kò jẹ́ kí èrò wọkọ̀, kí wọ́n tú òun sílẹ̀. Alága ní, "Ọkọ̀ ń bẹ, odò ń bẹ, ẹnikẹ́ni ò tì í. Ó le ni, kò tíì di ohun tí kò ṣeé ṣe. Kò sì sí nínú ìwé rẹ pé bó bá le kí o sá." Wọn ò tú u sílẹ̀.

Nígbà tí mo délé, Ọ̀gá ní, "Kí lo rí kọ́?" Mo ní orí télọ̀ dára ju ti ọlọ́kọ̀ lọ. Rúlà sọ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Orí kọ́, òmùgọ̀. Ohun tí òfin tì pa, àdéhùn rẹ̀ ti kú fúnra rẹ̀, bí ìwé sọ ọ́, bí ìwé ò sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó kàn le lásán, ìwé nìkan ló lè gba ènìyàn sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sì wá bá ọ lọ́jọ́ kan pé òun fẹ́ jáde, má ka ìwé fún un. Kọ́kọ́ bi í: kí ló ṣẹlẹ̀? Ta ló ti ibẹ̀ pa? Ṣé o ti bá ẹnìkejì rẹ sọ̀rọ̀? Lẹ́yìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí o tó ṣí ìwé."

Ìbéèrè mẹ́ta. Ọmọ jẹ́léósinmi lè há a sórí.

Mo gba òmìnira iṣẹ́, Ọ̀gá padà sí Ìyánsàn ní abúlé rẹ̀, kò pẹ́ ló ṣaláìsí. Mo ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Kí ó tó kú ló ti rí i, ó sì bú u. Ó ní, "Kálámù a máa rẹ ọwọ́. Bó bá rẹ ọwọ́, ènìyàn á dúró, á ronú. Irin yìí kò ní rẹ̀ ẹ́, ìwọ náà ò sì ní ronú." Mo rẹ́rìn-ín sínú. Pẹ̀lú ẹ̀rọ àti bébà dúdú tí a ń fi sáàárín ìwé, mo lè tẹ ẹ̀dà mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, kí n tẹ ti ẹni márùn-ún kí oòrùn tó kan àtàrí. Láti òkè ni mo ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ ò ṣeé fi bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Wọ́n sọ mí ní Akọ̀wé Oníná, nítorí bí ọwọ́ mi ṣe ń yára, mo sì fẹ́ràn orúkọ náà bí ọ̀bọ ṣe fẹ́ràn ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Àsìkò yẹn ni Jóṣúà dé.

Ará etí òkun ni, ọmọ apẹja. Ó ní omi ti gba ilé bàbá òun lẹ́ẹ̀mejì, òun fẹ́ ohun tó ní gbòǹgbò. Aládùúrà ni, ẹsẹ̀ lásán ló fi máa ń rìn. Ẹ́sítà ìyàwó rẹ̀ ló tẹ̀ lé e wá, obìnrin kan tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀, tó tún máa ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn tó bá sọ ọ́ tán. Bàbá Ògúnmúsìn láti Àyèká ló ni oko ọ̀pẹ tí wọ́n fẹ́ gbà. Ọ̀nà Àkótógbò ni oko náà wà, pẹ̀lú ẹkù tí wọ́n ti ń fún epo àti odò kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fi sí. Jóṣúà yóò máa kọ ẹyìn ọ̀pẹ tó wà níbẹ̀, yóò sì gbin irú ọ̀pẹ kúkúrú tí ìjọba ń pín nígbà náà. Bàbá ní kí n kọ ọ́ pé, bí Jóṣúà àti ará ilé rẹ̀ bá fi oko sílẹ̀ kọjá ọjọ́ méje, oko ti padà nìyẹn, pẹ̀lú gbogbo ọ̀pẹ tó bá gbìn. Ẹni tó gba oko náà tẹ́lẹ̀ ti sá lọ rí, tí olè ká gbogbo ẹyìn, tí iná sì jó apá kan.

Mo tẹ̀ ẹ́ tán, mo ń kà á sí wọn létí. Mo dé ibi "àrùn tó ń ràn." Bàbá Ògúnmúsìn ṣí fìlà.

"Ọma mi, dúró ńbẹ̀. Yọ yẹn kúrò nínú ùwé mi."

"Bàbá, gbogbo ìwé la ń kọ ọ́ sí."

"Uná, mo mọ̀ ọ́n. Omi, mo mọ̀ ọ́n. Ogun náà, kó máa lọ. Èyí, a kì í fi ẹnu ara ẹni pè é wá sí ulí ẹni. Ilẹ̀ oko yẹn á gbọ́."

Mo wo Jóṣúà. Òun ni ọ̀rọ̀ yẹn wà fún, òun ló yẹ kó ní kí n má yọ ọ́. Ó mi orí. "Akọ̀wé, ẹ yọ ọ́. Wòlíì wa ti gbàdúrà lé oko yẹn pé àrùn ò ní débẹ̀. Èmi ti ṣe àmín sí i. Ṣé n óò wá fi ìka tẹ ìdàkejì àmín mi ni?"

Ẹ́sítà rẹ́rìn-ín. "Bí ẹ bá fẹ́ kọ ọ́, ẹ kúkú kọ pósí náà sí i, kó lè pé."

Gbogbo wa la rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ń bẹ̀rù, èkejì ní ìgbàgbọ́, ibì kan náà ni wọ́n sì bá yọ. Ká ní Ọ̀gá mi ni, ì bá ní kí wọ́n dìde kí wọ́n máa lọ. Èmi kò fẹ́ kí oníbàárà lọ. Mo dá ìwé padà sẹ́nu ẹ̀rọ, mo tẹ èkísì lé ọ̀rọ̀ náà lórí lọ́kọ̀ọ̀kan, "tàbí àrùn tó ń ràn," títí kò fi ṣeé kà mọ́. Èkísì náà wọ ẹ̀dà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mi ò tilẹ̀ ronú pé bí ọ̀rọ̀ bá délé ẹjọ́, èkísì burú ju kí n má kọ nǹkan kan lọ, torí ó ń sọ fún adájọ́ pé wọ́n rò ó, wọ́n sì kọ̀ ọ́. Wọ́n tẹ ìka, Ẹ́sítà nu ìka ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú etí ìró rẹ̀, wọ́n sì lọ.

Ọdún ń gorí ọdún. Jóṣúà á máa bẹ̀ mí wò bó bá gbé epo wá sí ìlú. Ó bí ọmọbìnrin kan, Rúùtù, ó gbé e wá kí n rí i. Ọ̀pẹ kúkúrú dàgbà. Lọ́dún tó kọ́kọ́ so dáadáa, ó gbé odindi ìdì ẹyìn kan wá fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, ó gbé e ka orí tábìlì mi, ó ní, "Akọ̀wé, ẹ wo ohun tí ùwé yín so." Inú mi dùn débi pé mi ò jẹ́ kí ìyàwó mi sè é fún ọjọ́ méjì.

Ogun abẹ́lé jà, ó parí. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni onígbáméjì dé.

Ẹni tí kò rí i kò lè mọ̀ ọ́n. Ènìyàn á jí lálàáfíà, á máa bì lókè, á máa yàgbẹ́ nísàlẹ̀ bí omi ẹ̀kọ, kó tó di ìrọ̀lẹ́ ojú rẹ̀ á ti wọnú. Wọ́n ní gbogbo ayé ló ń jà. Àwa ò mọ gbogbo ayé, ọ̀nà odò la mọ̀. Ó gba etí omi wọlé, ó ń gun òkè bọ̀. Nílùú, wọ́n ní ká máa se omi ká tó mu ún, ilé ìwòsàn kún. Iṣẹ́ tèmi náà kún. Gbogbo ẹni tó yá nǹkan ló fẹ́ dá a padà, gbogbo ẹni tó fi nǹkan yáni ló fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n lè dá a padà. Mo ń tẹ ìwé bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Ọjọ́rú kan láàárọ̀ ni Jóṣúà wọlé. Eruku ti dé orúnkún rẹ̀. Mi ò gbọ́wọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ.

"Akọ̀wé, òkè oko ò dáa o. Ó ti mú ènìyàn mẹ́ta ní abúlé ẹ̀gbẹ́ wa. Mo fẹ́ kó Ẹ́sítà àti ọmọ wá sí ìlú, sọ́dọ̀ ìjọ wa."

"Ó dáa. Ẹ kó wọn wá."

"Ẹ́sítà ní òun ò lọ bí èmi ò bá lọ. Ó ní ta ló máa fún mi lómi bó bá kì mí mọ́lẹ̀. Bí gbogbo wa bá wá ńkọ́? Kí ni ùwé wí?"

Àpótí tí mo ń kó ẹ̀dà sí wà lẹ́yìn mi. Mo yọ ti Jóṣúà jáde, mo ju ojú sí i. Mo rí ogun, iná, omi. Mo rí ìlà èkísì.

"Àrùn ò sí níbẹ̀."

"Mo mọ̀. Àwa la ní kí ẹ yọ ọ́."

"Ọjọ́ méje péré lẹ lè lò nígboro. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, oko ti lọ, ọ̀pẹ yín ti lọ. Onígbáméjì yìí ò sì ní kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́jọ́ méje."

Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Gbogbo ọ̀pẹ yẹn, Akọ̀wé, ọwọ́ mi ni mo fi gbìn wọ́n. Kí ni kí n ṣe?"

Mo ní, "Ẹ dúró nígbà náà."

Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn, ọwọ́ mi sì ti padà sórí ẹ̀rọ. Ó bẹ̀ mí pé kí n bá òun dé ọ̀dọ̀ Bàbá Ògúnmúsìn, kí n bá òun sọ ọ́. Mo ní n óò lọ, n óò lọ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, iṣẹ́ ti pọ̀. Ó dúpẹ́. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó sì padà sóko. Mi ò bi í ní ìbéèrè kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta mo gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Àyèká. Bàbá Ògúnmúsìn jókòó síwájú ilé. Mo kí i, mo ro ẹjọ́ Jóṣúà fún un bí akọ̀wé ṣe ń ro ó, pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Bàbá gbọ́ ọ títí, ojú rẹ̀ ń yí padà.

"Ta ló ní kó dúró?"

"Bàbá, ìwé..."

"Mo ní ta ló ní kó dúró? Èmi? Ṣé o rí mi níbẹ̀ ni? Nígbà tí ilẹ̀ gbóná láyé bàbá mi, gbogbo àlejò tó gba oko lọ́wọ́ rẹ̀ ló ní kí wọ́n máa lọ. Ó ta okùn dí ojú ọ̀nà oko. Nígbà tí wọ́n padà, ó tú okùn, oníkálukú padà sí tirẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í fi oko di ènìyàn mú de ukú nílẹ̀ yìí. Ọmọ Ìkálẹ̀ ni ọ́, o ò mọ̀?"

Mi ò mọ̀. Ilẹ̀ yìí ni wọ́n bí mi sí, mo mọ ohun tí wọ́n ń kọ sínú ìwé ní kọ́ọ̀tù, mi ò mọ ohun tí bàbá onílẹ̀ ń ṣe pẹ̀lú okùn.

Bàbá dìde, ó mú ọ̀pá. Ọjọ́ orí rẹ̀ kò gbé e mọ́, ṣùgbọ́n kò jókòó padà. A rí ọkọ̀ kan tó ń lọ sí ọ̀nà Àkótógbò, ó já wa sílẹ̀ lójú ọ̀nà, a fẹsẹ̀ rìn ìyókù. Nígbà tí a súnmọ́ odò oko, mo rí aṣọ pupa tí wọ́n so mọ́ igi. Wolé-wolé méjì dúró níbẹ̀, wọ́n da ẹfun funfun yíká ẹkù, wọ́n fi igi dábùú ẹnu rẹ̀.

"Ẹ dúró níbẹ̀ o! Ẹ má kọjá. A ti ti odò yìí pa, a ti ti ẹkù pa. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ níbí."

Mo bi wọ́n pé, "Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni Jóṣúà wá bá mi. Nígbà tó dúró níwájú tábìlì mi, ẹkù ti kú, odò ti kú, òfin ti tì í pa, àdéhùn ti kú gẹ́gẹ́ bí ti télọ̀. Kò sí èkísì tó lè dí i lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mi ò bi í: ta ló ti ibẹ̀ pa? Òun ì bá sì dáhùn, torí ojú rẹ̀ ni wọ́n ṣe so aṣọ pupa náà. Òun rò pé ọ̀rọ̀ ìjọba lọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ ùwé Bàbá lọ́tọ̀.

Jóṣúà jókòó sídìí ọ̀pẹ kúkúrú kan. Ẹ́sítà ti lọ lọ́jọ́ Ẹtì ní ìdájí. Rúùtù tẹ̀ lé e láàárọ̀ ọjọ́ tí a dé yẹn. Wolé-wolé ti sin wọ́n, ẹní ni wọ́n fi wé wọn, wọ́n da ẹfun lé wọn lórí. Pósí tí Ẹ́sítà fi ṣẹ̀fẹ̀ kò kàn án.

Bàbá Ògúnmúsìn kò gbọ́ ti wolé-wolé. Ó kọjá, ó lọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Jóṣúà, ọma mi, n kò dì ọ́ mú. Ẹ̀mí mi wà níhìn-ín, n kò dì ọ́ mú. Ọ̀pẹ tí o gbìn, tìrẹ ni títí ayé." Ó bú sẹ́kún. Jóṣúà ń fi ọwọ́ yọ èèrà tó gun ẹsẹ̀ bàbá, lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi dúró lẹ́yìn ẹfun, ìwé wà lápò mi. Ká ní ilẹ̀ lanu, ǹ bá wọlé.

Jóṣúà kò padà gba àwọn ọ̀pẹ náà. Igbó ló bò wọ́n.

Ohun tó kù nínú iṣẹ́ ayé mi kò pọ̀. Mo padà sí ọ̀nà Ọ̀gá, mo ń bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ìwé, àrùn ni mo sì ń kọ ṣíwájú ogun. Àwọn ènìyàn á dìde, wọ́n á ní ẹnu mi kò dára. Oníbàárà tán. Mo lọ tẹ̀wé fún àwọn ọlọ́fíìsì, mo ń tẹ ohun tí wọ́n bá fún mi, títí ẹ̀rọ mi fi di ohun tí àwọn ọmọ ń fi ṣeré. Ìyàwó mi ní èmi kọ́ ló pa wọ́n, omi odò ló pa wọ́n. Pásítọ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ, kò sì ràn mí lọ́wọ́. Wọ́n ní ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Kò sí ọba tó gé tèmi. Ó pé márùn-ún síbẹ̀, mo ń fi jẹun, ojoojúmọ́ ni mò ń rí i. Àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, òun náà ló sì ń bá mi gbélé láti ọjọ́ yẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣiṣẹ́ ìwé, ẹ ti gbọ́. Ṣùgbọ́n nǹkan kan kù tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, àní ìyàwó mi.

Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìsìnkú, Jóṣúà wá sábẹ́ páànù mi. Mo rò pé ó wá ṣépè. Mo ti ń retí rẹ̀, kí n má purọ́, mo tiẹ̀ fẹ́ kó ṣẹ́ ẹ. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó ní òun fẹ́ kí n bá òun kọ lẹ́tà sí bàbá Ẹ́sítà ní etí òkun. Mo fi ìwé sẹ́nu ẹ̀rọ. Ó ní, "Rárá. Ẹ fi ọwọ́ kọ ọ́." Mo wá kálámù Ọ̀gá mi jáde nínú dúrọ́ọ̀.

Ó ń sọ, mo ń kọ. Bàbá, mo kí yín. Bàbá, Ẹ́sítà kò sí mọ́. Rúùtù náà kò sí mọ́. Mo dúró níbẹ̀. Gbogbo akọ̀wé ló mọ ohun tó kàn. Bí a ti í kọ ọ́ nílẹ̀ wa ni pé "lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́," ohunkóhun tí ì báà pa ènìyàn. Mo ní, "Ṣé kí n kọ àìsàn ráńpẹ́?"

"Rárá," ló wí. "Ẹ kọ orúkọ rẹ̀."

Mo gbé kálámù dání. Omi ojú mi kán sórí ìwé, mi ò sì tún un kọ.

"Akọ̀wé, ẹ kọ ọ́."

Mo kọ ọ́: onígbáméjì. Ó ní kí n ka ibẹ̀ sí òun létí, mo kà á. Ó na ìka síwájú, mo fi tàdáwà pa á, ó tẹ̀ ẹ́ sí abẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó máa nù ún fún un, ó fi ara ògiri nù ún, ó sì jáde.